Kirikou àti Karaba: ọmọ ọdún mélòó ló yẹ kó wò ó?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí máa ń bi wá ní kíláàsì ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ní Adja-Ouèrè, ní Ikpinlè àti ní àwọn abúlé tó yí wọn ká. Wọ́n á ní: « Fíìmù àwòrán yíyà tí àwọn ọmọ ń wò lórí fóònù yìí, ṣé kò ní ohun tó lè ba ọmọ jẹ́ nínú? » Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ béèrè. Wọ́n gbà pé ohun tí a bá fi ọwọ́ yà, tí kì í ṣe ènìyàn gidi ló wà nínú rẹ̀, ti ọmọdé ni, kò sì lè pa ẹnikẹ́ni lára.

N kò fara mọ́ èrò kejì yìí.

Nígbà kan rí, ẹni tó bá fẹ́ wo fíìmù ní agbègbè wa ní láti lọ sí ilé fídíò, kí ó san owó, kí ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàrin àwọn àgbà. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà á wo ojú ọmọ, á ní: « Ìwọ, padà sílé. » Lónìí, fíìmù ti wọ inú àpò. Káàdì kan tí kò tó èékánná àtàǹpàkò lè gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ fíìmù, wọ́n sì ń kó wọn sínú rẹ̀ lọ́jà bí ìgbà tí wọ́n ń wọn gàrí. Ìyá tó ń se epo pupa kò lè fi iná sílẹ̀. Á fi fóònù lé ọmọ lọ́wọ́ kí ó lè jókòó jẹ́ẹ́. N kò bá a wí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Àwa òbí ni ó kù kí a dúró níbẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa fò lójú òfuurufú, mo mú fíìmù kan ṣoṣo, ọ̀kan nínú èyí tó gbajúmọ̀ jù lọ ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí a ti ń sọ èdè Faransé. Orúkọ rẹ̀ ni « Kirikou et la Sorcière ». Michel Ocelot, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó ṣe é. Conakry ní ilẹ̀ Gínì ni ó gbé nígbà èwe rẹ̀. Fíìmù náà jáde ní oṣù kejìlá ọdún 1998. Ní ọdún 1999, ó gba ẹ̀bùn tó ga jù lọ ní Annecy, níbi tí àwọn tó ń ṣe fíìmù àwòrán yíyà láti gbogbo àgbáyé ti máa ń pàdé. Youssou N'Dour, olórin ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl, ni ó ṣe orin rẹ̀. Ní Dakar ni wọ́n ti gba ohùn àwọn òṣèré sílẹ̀. Awa Sène Sarr, obìnrin ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl kan náà, ni ó sọ ọ̀rọ̀ Karaba. Ó gùn ju 70 ìṣẹ́jú lọ.

Ìtàn náà nìyí, fún ẹni tí kò tíì wò ó. Ọmọ kan sọ̀rọ̀ láti inú ìyá rẹ̀, ó bí ara rẹ̀, ó sì gé ìwọ́ ara rẹ̀. Ó kéré débi pé kò dé orúnkún àgbà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bí ẹ̀fúùfù. Ó bá abúlé rẹ̀ nínú ìpọ́njú. Orísun omi ti gbẹ. Àwọn ọkùnrin ti lọ bá Karaba jà, wọn kò padà, gbogbo ènìyàn sì ń sọ pé ó ti jẹ wọ́n. Karaba ń gba wúrà àwọn obìnrin. Ilé ẹni tó bá fi tirẹ̀ pamọ́, àwọn ère tó ń ṣiṣẹ́ fún un á jó o. Gbogbo abúlé ti gbà pé ìkà ni obìnrin náà, ọ̀rọ̀ sì parí. Kirikou nìkan ni ó ń béèrè ohun tó sọ ọ́ di ìkà.

Ẹjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rò mọ́ fíìmù yìí lẹ́sẹ̀ kò ti ọ̀dọ̀ wa wá. Nínú rẹ̀, àwọn obìnrin ró aṣọ mọ́ ìdí, àyà wọn ṣí sílẹ̀. Àwọn ọmọdé wà ní ìhòòhò. Àwọn kan nínú àwọn tó ń ta fíìmù ní òkè òkun fẹ́ kí Ocelot fi aṣọ bo àyà àwọn obìnrin náà. Ó kọ̀. Nítorí èyí, ọ̀nà ṣòro fún fíìmù náà láti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn obìnrin kíláàsì wa, ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Ìyá àgbà ta ni kò ró aṣọ bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ epo? Ọmọ wo ni kò wẹ̀ lójúde pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀? Níhìn-ín, ìyẹn kì í ṣe ìdí tí a ó fi gba fíìmù lọ́wọ́ ọmọ. Bàbá kan fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un, tó sì jinlẹ̀ jù: ó ní àwọn ọmọ òun ń fi àwọn obìnrin fíìmù náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pè wọ́n ní ará oko. Ọmọ Adja-Ouèrè tó ń pe ẹlòmíràn ní ará oko! Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn.

Ohun tí mo fẹ́ kí a wò ni ẹ̀rù. Ẹ̀rù pọ̀ nínú fíìmù yìí. Àwọn ère ń rìn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí irin tó ń dún. Ọkọ̀ ojú omi kan kó àwọn ọmọ, ó fẹ́ sá lọ. Igi kan di wọ́n mú sáàrin ẹ̀ka rẹ̀, ó ń gbé wọn lọ sọ́dọ̀ Karaba. Ẹranko ńlá kan wà nínú orísun omi. Nígbà tí omi tú jáde, Kirikou dùbúlẹ̀ bí òkú, àwọn obìnrin ń sunkún lé e lórí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ mọ̀ pé yóò dìde. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ̀. Kò tíì mọ ìyàtọ̀ láàrin ohun tí a yà àti ohun tó wà. Ìyá kan sọ fún mi pé lẹ́yìn tí ọmọkùnrin òun, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, wo fíìmù náà, ó kọ̀ láti bá òun lọ sódò fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ó ń bi òun bóyá ẹranko náà ti mu omi tán. Ẹnikẹ́ni kò na ọmọ yìí, ẹnikẹ́ni kò bú u. Àwòrán lásán ni ó rí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ ní ọdún 2019 pé kí a má ṣe fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 sídìí àwòrán rárá, àti pé láti ọdún 2 sí ọdún 4, kí ó má ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, bí ó bá sì dín kù sí i, ó dára jù. Ẹ fi ìyẹn wé fíìmù tó gùn ju 70 ìṣẹ́jú lọ.

Àwọn kan á sọ pé àlọ́ àwọn baba wa náà ní ẹ̀rù nínú. Òótọ́ ni. Nínú àlọ́ wa, Ìjàpá ń jalè, ẹranko ń jẹ ẹranko, ọmọ aláìgbọràn ń sọnù sínú igbó. Àwọn àgbà kò fi ẹ̀rù pamọ́ fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń pa àlọ́. Ìyá àgbà ń wo ojú àwọn ọmọ bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá rí i pé ojú ọmọ kékeré kan ti yí padà, á dá orin, gbogbo ilé á gbè é, ọkàn á balẹ̀, kí ó tó máa bá ìtàn lọ. Bí iwin bá burú jù, á sọ ọ́ di ohun ẹ̀rín. Ọmọ sì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń gbọ́ òórùn aṣọ rẹ̀. Fóònù kì í wo ojú ọmọ. Bí ọmọ ń gbọ̀n, bí ó ń sùn, ìtàn ń lọ.

Ọ̀rọ̀ èdè wá tẹ̀ lé e, ibẹ̀ sì ni ó kàn mí jù lọ nítorí iṣẹ́ mi. Èdè Faransé ni wọ́n ń sọ nínú fíìmù náà. Ọmọ ọdún márùn-ún ní Massè tàbí ní Oko-Akaré, tí kò tíì wọ ilé-ìwé tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́, kò gbọ́ Faransé tó bẹ́ẹ̀. Kí ni yóò mú nínú rẹ̀? Eré sísá, iná, ère, igbe. Àwọn wọ̀nyí kò nílò ìtumọ̀, ojú nìkan tó fún wọn. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n fíìmù náà, inú ọ̀rọ̀ ni ó wà. Nígbà tí Kirikou dé ọ̀dọ̀ bàbá àgbà rẹ̀ nínú òkè, arúgbó náà jókòó, ó ń ṣàlàyé. Ó ní Karaba kò jẹ ọkùnrin kankan rí. Ó sọ wọ́n di ère ni, ó sì fi àwọn ènìyàn sílẹ̀ kí wọ́n máa gbà pé ó jẹ wọ́n, kí wọ́n lè máa bẹ̀rù rẹ̀. Ó ní ẹ̀gún olóró kan wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọkùnrin ni ó fi ipá gún un sí i, ìrora ẹ̀gún náà kò jẹ́ kí ó sinmi tọ̀sán tòru, láti inú rẹ̀ sì ni agbára rẹ̀ ti ń wá. Orísun omi ńkọ́? Kì í ṣe òun ni ó gbẹ ẹ́. Ẹranko kan ló wọ inú rẹ̀ ní kékeré, tó ń mu ún, tó sì dàgbà níbẹ̀. Kirikou ti fi ojú ara rẹ̀ rí ìyẹn kí ó tó dé òkè.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ti tóbi tó. Gbogbo ohun tí abúlé ń sọ nípa obìnrin yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, apá kan rẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Ọmọ tí kò gbọ́ èdè náà kò ní gbọ́ èyí. Ẹ̀sùn ni yóò mú lọ sílé, kò ní mú ìdáláre.

Mo fi ojú mi rí ohun tí èyí lè fà. Ní àkókò ìsinmi ilé-ìwé kan, ní abúlé kan tí n kò ní dárúkọ, àwọn ọ̀dọ́ ta aṣọ funfun mọ́ ara ògiri, wọ́n yá ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán, wọ́n sì fi Kirikou hàn lálẹ́. Inú mi dùn sí i. Ọ̀kan nínú wọn di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, ó ń túmọ̀ sí èdè wa fún àwọn tí kò gbọ́ Faransé. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí Karaba bá yọ, á pariwo pé: « Àjẹ́ ti dé o! » Àwọn ọmọ á ké, wọ́n á sá, wọ́n á padà, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Nígbà tí fíìmù dé ọ̀dọ̀ bàbá àgbà nínú òkè, ọ̀rọ̀ pọ̀, ó rẹ olùtumọ̀ wa, ó gé e kúrú. Àwọn ọmọ kékeré ti sùn lọ lórí ẹní. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ bíi mẹ́fà ń tẹ̀ lé arúgbó obìnrin kan tó ń dá gbé létí abúlé, tó ń lọ ṣa igi. Wọ́n ń pè é ní Karaba. Ọ̀kan ju òkò. Baálé ilé kan ló jáde lé wọn padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí mọ ibi tí irú eré bẹ́ẹ̀ lè dé. Lónìí ó jẹ́ eré ọmọdé. Bí ọmọ kan bá ní ibà lọ́la, tí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀ sórí àgbàdo, orúkọ tí àwọn ọmọ fi ṣeré á ti wà nílẹ̀ fún àgbà láti mú lò. Ní àríwá ilẹ̀ wa, ní apá Borgou, a mọ̀ pé ọmọ tó fi ẹsẹ̀ wáyé, tàbí tí eyín òkè rẹ̀ kọ́kọ́ hù, ni wọ́n ti pè ní ọmọ àjẹ́, tí wọ́n sì ti tìtorí rẹ̀ pa àwọn kan. Òfin tó dáàbò bo ọmọdé, èyí tí ilẹ̀ Benin ṣe ní oṣù kejìlá ọdún 2015, lòdì sí i. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tó fi ẹsẹ̀ wáyé, Ìgè la ń pè é. Èyí tó dojú bolẹ̀, Àjàyí. Èyí tí ìwọ́ kọ́ lọ́rùn, Òjò tàbí Àìná. Orúkọ la fún wọn, a kò fún wọn ní ẹ̀sùn. Kirikou náà wá sáyé lọ́nà àrà, ìyá rẹ̀ kò sì pariwo. Ó sọ fún un pé kí ó wẹ ara rẹ̀. Ibẹ̀ wù mí púpọ̀ nínú fíìmù náà.

Nítorí náà, ẹni tó bá máa túmọ̀ fíìmù yìí fún ọmọdé, mo bẹ̀ ẹ́, kí ó má ṣe mú ọ̀rọ̀ « àjẹ́ » wá síbẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ Faransé « sorcière » àti ọ̀rọ̀ wa kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọmọ Faransé tó gbọ́ « sorcière » ń rántí obìnrin inú ìwé ìtàn, tí kò gbé ní àdúgbò rẹ̀. Ọmọ tiwa tó gbọ́ « àjẹ́ » ń ronú nípa ẹnì kan tó mọ ilé rẹ̀. Àwọn baba wa mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó, wọn kì í pè é ní gbangba bẹ́ẹ̀. « Àwọn ìyá wa » ni wọ́n ń wí. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kà sí ohun iyebíye fún gbogbo ayé ní ọdún 2001, ijó tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún agbára àwọn ìyá ni. A ń jó o lẹ́yìn ìkórè, a sì ń jó o nígbà ọ̀dá, nígbà tí omi gbẹ gan-an. Nígbà tí omi gbẹ, àwọn baba wa kò ní kí a ju òkò lu arúgbó. Wọ́n ní kí a gbé ère, kí a jó, kí a tu ìyá lójú. Ẹ pè é ní Karaba, ó ti tó. Bí ọmọ bá béèrè ẹni tó jẹ́, ẹ ní obìnrin kan tí ẹ̀gún ń dùn ni.

Ṣé kí ọmọ wò ó nígbà náà? Èrò tèmi ni pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún má wò ó. Bí ó bá tó márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí ó wò ó díẹ̀díẹ̀, lọ́sàn-án, kí àgbà tó ti wò ó tẹ́lẹ̀ jókòó tì í. Kí a sì ti pa ìtàn náà fún un bí àlọ́ ní alẹ́ tó ṣáájú, kí ó ti mọ̀ pé ọmọ náà kò kú. Láti ọdún méje lọ, kì í ṣe pé mo gbà kí ó wò ó nìkan, mo fẹ́ kí ó wò ó. Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí fíìmù tí ọmọ kékeré ti borí láìsí ìbọn àti láìsí idán. Kirikou tilẹ̀ béèrè ońdè lọ́wọ́ bàbá àgbà rẹ̀, arúgbó náà kò fún un, ó ní àìní ońdè gan-an ni agbára rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kò ní fẹ́ràn ibi yẹn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ béèrè, kí ẹ sì fún un ní èsì tiyín. Ìjíròrò gidi ni ìyẹn. Àwọn ọmọ bíi ọdún mẹ́wàá á béèrè ìdí tí àwọn ọkùnrin fi gún obìnrin náà. Ìyá tó jókòó tì wọ́n lè gbọ́ nínú ẹ̀gún yẹn ohun tí ọmọ kò gbọ́. Kò di dandan kí ó sọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Àwọn fíìmù mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Disney àti àwọn ayàwòrán Kugali gbé « Iwájú » jáde, ìtàn tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó ọjọ́ iwájú. Orúkọ rẹ̀ dùn létí wa, inú wa sì lè dùn débi pé a ó gbé e fún ọmọ láìwò ó. Ọ̀rọ̀ gbọ́mọgbọ́mọ ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wò ó fúnra yín.

Ohun kan wà tí ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ìwé kíkà lè ṣe láti òní lọ. Ní ilé tó ní àwo tẹlifísọ̀n lórí òrùlé, tí ó ń gba àwọn ìkànnì Faransé, ẹ máa wo igun ojú tẹlifísọ̀n. Bí ẹ bá rí àmì róbótó kékeré tí a kọ −10 sínú rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10. Bẹ́ẹ̀ náà ni −12, −16 àti −18. Lára páálí fíìmù, ẹ lè rí « Tous publics ». Ó túmọ̀ sí pé wọn kò fi òfin dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kò túmọ̀ sí pé ó yẹ ọmọ ọdún mẹ́ta. Kò sì sí àmì kankan lórí fíìmù tí a rà lọ́jà sínú káàdì.

Fún ìyẹn, ọ̀dọ́ tó ń kó o sínú káàdì ni kí ẹ bi. Ẹ ní kí ó pe orúkọ fíìmù náà fún yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ bi í ní ìṣẹ́jú tí ó gùn tó, àti èdè tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀. Ẹ ní kí ó fi ìbẹ̀rẹ̀ hàn yín, kí ó fi àárín hàn yín, kí ó sì fi òpin hàn yín kí ẹ tó sanwó. Àwọn kan á kanra mọ́ yín pé ẹ ń fi àkókò wọn ṣòfò. Ẹ dúró síbẹ̀.